Ẹ Wo Ìrù Ìròyìn Kí Ẹ Tó Gbé E Mì

Bàbá àgbà kan ló bi mí ní ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn lónìí. A wà nídìí àtẹ oníwèé-ìròyìn kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, níbi tí àwọn èèyàn ti máa ń dúró ka àkọlé láràárọ̀ láìra nǹkan kan. Ó na ìka sí ìsàlẹ̀ ìròyìn kan, ó ní, "Olóòtú, ta ni Xinhua yìí gan-an? Ṣé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín ni? Kò sọ́jọ́ tí kì í kọ̀wé." Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ká mi lára díẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe olóòtú ìròyìn òkèèrè, mo ti tẹ orúkọ yẹn jáde ju orúkọ akọ̀ròyìn wa èyíkéyìí lọ, n kò sì fìgbà kankan ṣàlàyé ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń kà á.

Bó ṣe ń débẹ̀ nìyí. Ká ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù. Àwọn atẹ̀wé ti ń retí wa, oníbàárà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ìpolówó rẹ̀ kúrò, àyè ńlá sì ṣófo lójú ewé ìròyìn òkèèrè. Iléeṣẹ́ wa kò ní aṣojú ní Nàìróbì, ká má tíì sọ Beijing. Ohun tó wà nílẹ̀ ni èyí tí NAN, iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, ń pín fún wa. NAN àti Xinhua, iléeṣẹ́ ìròyìn ti Ṣáínà, jọ ń ṣe pàṣípààrọ̀ ìròyìn. Èyí tó bá gba ọ̀nà yẹn wọlé ni ẹ ó rí "Xinhua/NAN" ní ìrù rẹ̀. Màá gé ìpínrọ̀ méjì, màá yí àkọlé padà, ó di ọwọ́ atẹ̀wé. Àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn àgbáyé bíi Reuters wà, AP wà, AFP náà wà, ṣùgbọ́n owó òkèèrè ni wọ́n ń gbà, ẹ sì mọ ibi tí náírà wà. Ti Xinhua, ní ọ̀pọ̀ ilé ìròyìn Áfíríkà, ọ̀fẹ́ ni tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ta ni Xinhua wá jẹ́? Ọwọ́ Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì Ṣáínà ni wọ́n bí i sí ní 1931, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ orúkọ tó ń jẹ́ yìí ní 1937. Lónìí, apá kan ìjọba ni, ipò mínísítà sì ni ọ̀gá rẹ̀ wà. Ní oṣù kejì 2016, Ààrẹ Xi Jinping ṣàbẹ̀wò sí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ náà, sí Xinhua àti sí tẹlifíṣọ̀n CCTV lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó sì sọ fún wọn pé orúkọ ìdílé tí iléeṣẹ́ ìròyìn ẹgbẹ́ àti ti ìjọba gbọ́dọ̀ máa jẹ́ ni orúkọ Ẹgbẹ́. Ó yẹ kí èyí tètè yé ọmọ Yorùbá. Ọmọ tó bá ń jẹ́ orúkọ ìdílé, ó mọ èèwọ̀ ìdílé náà, kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti máa rán an létí láràárọ̀.

Ẹnìkan á ní AFP ń jẹ nínú owó ìjọba Faransé, pé BBC náà ń gba owó lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ètò tó ń ṣe fún ilẹ̀ òkèèrè. Òótọ́ ni, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n òfin Faransé ti 1957 ló ní kí AFP má ṣe bọ́ sábẹ́ ìdarí ẹnikẹ́ni, àwọn akọ̀ròyìn wọn sì ń tú àṣírí ìjọba tiwọn nígbà gbogbo. Ohun tí èmi máa ń bèèrè ni pé: bí olóòtú bá tẹ ohun tó bí olówó nínú jáde lọ́jọ́ Ẹtì, ṣé yóò wọ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé?

Àwọn kan rò pé irọ́ ló kún inú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Níbi tí mo jókòó sí, n kì í sábà rí irọ́. Iye tó wà níbẹ̀ máa ń péye, wọ́n á kọ orúkọ èèyàn dáadáa, ó tilẹ̀ ń mọ́ ju ti àwọn akọ̀ròyìn wa míì lọ. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni kí ẹ máa wá. Ẹ mú ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn wò, èyí tí Ààrẹ Buhari ṣí ní oṣù kẹfà 2021. Gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 157, iléeṣẹ́ CCECC ti Ṣáínà ló kọ́ ọ. Ẹ wá ìròyìn méjì nípa rẹ̀, ọ̀kan tó ní ìrù Xinhua, ọ̀kan tí akọ̀ròyìn ilé wa kọ, kí ẹ sì gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ wo èyí tó sọ pé a yá owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́ báńkì Exim ti Ṣáínà láti fi kọ́ ọ, pé èlé orí rẹ̀ jẹ́ ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, pé ọdún 20 ni a ó fi san án, tí wọ́n sì fún wa ní ọdún 7 kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í san ojú owó. DMO, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó gbèsè Nàìjíríà, ti gbé gbogbo rẹ̀ síta. Kì í ṣe àṣírí. Kódà, àdéhùn náà lè má burú tó bí àwọn kan ṣe ń pariwo. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé inú dídùn èrò ọkọ̀ àti iye kìlómítà nìkan ló kà, kò mọ̀ pé ọmọ òun ni yóò san owó ọkọ̀ yẹn.

Ìròyìn nìkan kọ́ ni wọ́n ń pín o. Àwọn ará Ṣáínà ní gbólóhùn kan tí wọ́n fi ń pe ọgbọ́n yìí: yá ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ lọ sójú òkun. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ohùn tìrẹ gba inú ilé ìròyìn tí àwọn èèyàn ti gbọ́kàn lé jáde. China Daily, ìwé ìròyìn ìjọba wọn tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì jáde, ra ojú ewé nínú Washington Post àti Wall Street Journal ti Amẹ́ríkà àti Daily Telegraph ti Lọ́ńdọ̀nù, ó sì pe àwọn ojú ewé náà ní China Watch. Wọ́n tò ó bí ìròyìn, àwòrán wà, àkọlé wà, lẹ́tà tíntìntín kan lókè sì ń sọ pé owó ni wọ́n fi rà á. Òfin kan wà ní Amẹ́ríkà láti 1938 tó fi dandan lé e pé kí ẹni tó bá ń ṣojú ìjọba òkèèrè kọ ìnáwó rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé tí China Daily fi sílẹ̀ lábẹ́ òfin yẹn ní 2020 ló jẹ́ ká mọ̀ pé láti ìparí 2016, ó ti ná owó tó súnmọ́ mílíọ̀nù 19 dọ́là lórí ìpolówó àti ìtẹ̀wé níbẹ̀. Telegraph yọ tirẹ̀ kúrò ní 2020. Ní tiwa, kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀. Ojú yín nìkan ni òfin yín.

Ti rédíò tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2015, Reuters tọpinpin rẹ̀, wọ́n sì rí iléeṣẹ́ rédíò 33 ní orílẹ̀-èdè 14 tó ń gbé ètò rédíò ìjọba Ṣáínà sáfẹ́fẹ́, tí àwọn iléeṣẹ́ àdáni dúró níwájú, tí ìjọba sì fara pamọ́ sẹ́yìn wọn.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti Gúúsù Áfíríkà. Ní 2013, nígbà tí ọwọ́ onílé tuntun tẹ Independent Media, iléeṣẹ́ tó ń tẹ ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ńlá ibẹ̀, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìpín rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn olókòwò Ṣáínà. Ní oṣù kẹsàn-án 2018, Azad Essa tó ń kọ àpilẹ̀kọ fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kọ̀wé lórí bí ìjọba Ṣáínà ṣe ń kó àwọn Mùsùlùmí Uyghur sí àgọ́ àtìmọ́lé ní agbègbè Xinjiang. Àpilẹ̀kọ náà jáde nínú ìwé, ṣùgbọ́n wọn kò gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àyè tí wọ́n fún un ti di títì. Ìdí tí wọ́n fún un ni pé àwọn ń tún ìwé ìròyìn náà tò. Bóyá Beijing pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù kò kàn mí. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé ìpè kì í pọn dandan. Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì.

Mo mọ̀ pé òwe yẹn kan náà ni ẹ ó fà yọ fún àwọn akọ̀ròyìn tí Ṣáínà ń gbà lálejò. Níbí, ẹ fara balẹ̀. Ní 2014 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn akọ̀ròyìn Áfíríkà wá sí Beijing fún oṣù 10, pẹ̀lú ilé, owó ìnáwó àti ìrìn-àjò káàkiri. Ní ìpàdé Ṣáínà àti Áfíríkà tó wáyé ní Johannesburg ní ìparí 2015, wọ́n ṣe ìlérí láti máa kọ́ oníròyìn 1,000 lọ́dọọdún. Mo mọ àwọn tó lọ. Ẹnìkan dé, ó di alágbàwí. Ẹlòmíì dé, ó mọ Ṣáínà débi pé ìbéèrè rẹ̀ nípa àdéhùn ẹ̀yáwó wá mú ju ti gbogbo wa lọ. Xinhua náà gbé olú iléeṣẹ́ rẹ̀ fún Áfíríkà kúrò ní Paris lọ sí Nàìróbì ní 2006, CCTV sì ṣí ilé tẹlifíṣọ̀n síbẹ̀ ní 2012, ó gba ọmọ Áfíríkà síṣẹ́. Àwọn tí ó ti pẹ́ tí wọ́n ń ròyìn wa láti Lọ́ńdọ̀nù kò ní ẹnu láti bú wọn lórí ìyẹn.

Gbogbo èyí ni mo là fún bàbá, kì í ṣe bó ṣe gùn tó yìí. Ó gbọ́ ọ dáadáa, ó wá ní, "Àwa náà ńkọ́? Ṣé wọ́n ń jẹ́ ká tẹ tiwa lọ́hùn-ún?" Mo sọ fún un pé wọ́n ti ti ojúlé New York Times lórí íntánẹ́ẹ̀tì pa ní Ṣáínà láti 2012. Mo ní nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ CGTN, tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ṣáínà fún ilẹ̀ òkèèrè, ní oṣù kejì 2021, nítorí pé ẹni tí ìwé àṣẹ wà lórúkọ rẹ̀ kọ́ ló ń darí ètò, ọ̀sẹ̀ kan péré ló gbà kí Ṣáínà tó lé BBC World News kúrò lórí afẹ́fẹ́ tirẹ̀. Ó mi orí. Ó béèrè bóyá mo lè máa kọ orúkọ Xinhua sókè, lábẹ́ àkọlé, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mẹ́ta pé ti ìjọba Ṣáínà ni. Mo ní màá gbìyànjú ẹ̀.

Bàbá wá ká ìwé ìròyìn náà dáadáa, ó dá a padà sórí àtẹ, ó kí mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò rà á.