Bí Eléré Kríkẹ́ẹ̀tì Àgbáyé Ṣe Ń Di Akọ́nimọ̀ọ́gbá

Ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ dáadáa lè rò pé akọ́nimọ̀ọ́gbá ni olórí ikọ̀ nínú gbogbo eré ìdárayá, nítorí òun ló ń dúró lẹ́bàá pápá, tó ń pariwo, tó sì ń pààrọ̀ eléré bó ṣe wù ú. Nínú kríkẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Balógun ikọ̀ ló ń yan ẹni tí yóò ju bọ́ọ̀lù, òun ló ń sọ ibi tí oníkálukú yóò dúró sí, òun náà ló sì ń pinnu ìgbà tí ikọ̀ yóò dáwọ́ gbígbá dúró. Ní gbogbo àkókò yẹn, akọ́nimọ̀ọ́gbá jókòó síwájú yàrá ìmúra, ó ń wòran. Bó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, àfi kó rán ẹni tó ń gbé omi wọ pápá. Bob Woolmer, tó ń kọ́ ikọ̀ South Africa, gbìyànjú ọgbọ́n mìíràn nígbà ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 1999: ó fi ẹ̀rọ agbọ́rọ̀ sí etí balógun rẹ̀, Hansie Cronje, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ìdíje ní kí wọ́n yọ ọ́. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí lónìí bí eléré bá fẹ́ kí wọ́n fi fídíò tún ìdájọ́ rẹfirí yẹ̀ wò. Ìṣẹ́jú àáyá 15 ló ní, kò sì gbọdọ̀ gba àmì kankan láti ìta. Nígbà tí Steve Smith, balógun Ọsirélíà, kọjú sí yàrá ìmúra wọn ní Bengaluru lóṣù Kẹta ọdún 2017 kó tó pinnu, ariwo ńlá ló dá sílẹ̀ láàárín ikọ̀ rẹ̀ àti ti Íńdíà.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ti ń parí. Inú àwọ̀n ìgbaradì ni ó ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó mú pátákó yóò dúró síwájú igi mẹ́ta tó gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Akọ́nimọ̀ọ́gbá yóò mú ọ̀pá oníke gígùn kan tí orí rẹ̀ jin, yóò ki bọ́ọ̀lù bọ̀ ọ́, yóò sì fi í jù ú pẹ̀lú eré tó lè kọjá kìlómítà 130 ní wákàtí kan, láìjẹ́ pé èjìká rẹ̀ gbọgbẹ́. Ajubọ́ọ̀lù gidi kò lè ṣe èyí fún wákàtí méjì, torí ó ní láti tọ́jú agbára rẹ̀ de ọjọ́ ìdíje. Bí orí onípátákó bá ń yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà bọ́ọ̀lù, ojú kan náà ni olùkọ́ yóò máa jù ú sí, léraléra, títí ẹsẹ̀ iwájú yóò fi mọ ibi tó yẹ kó tẹ̀. Gary Kirsten, tó ti gbá Test (eré ọlọ́jọ́ púpọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè) 101 fún South Africa, kò ka iṣẹ́ yìí sí ohun tó rẹlẹ̀ nígbà tó ń kọ́ Íńdíà láti ọdún 2008. Àwọn eléré rẹ̀ ló gba ife àgbáyé ní Mumbai lọ́jọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 2011.

Ọ̀nà tí eléré ń gbà dé ipò yìí kò jẹ́ ọ̀kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ẹ̀rí onípele ni wọ́n ń gbà, láti orí èyí tó wà fún àwọn tó ń kọ́ ọmọdé títí dé ti àwọn tó ń darí ikọ̀ àgbà. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ lábẹ́ ẹlòmíràn tàbí pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́. Rahul Dravid, tí ayò rẹ̀ nínú Test jẹ́ 13,288, kò fò ju ìpele yìí. Láti ọdún 2015 ló ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Íńdíà, tó bá wọn gba ife àgbáyé àwọn tí kò tíì pé ọdún 19 ní 2018, kó tó di olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà ní 2021. Ṣùgbọ́n IPL, líìgì eré kúkúrú ilẹ̀ Íńdíà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, ti la ọ̀nà tó yá: Brendon McCullum fẹ̀yìn tì nínú eré àgbáyé lọ́dún 2016, ó kọ́ ikọ̀ eré kúkúrú, nígbà tó sì di 2022, wọ́n gbé ikọ̀ Test ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lé e lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ó ti kọ́ ikọ̀ kankan nínú eré ọlọ́jọ́ púpọ̀ rí.

Ṣé ẹni tó gbá eré jù ló ń kọ́ni jù? Kò dájú rárá. Eré àgbà méje péré ni John Buchanan gbá fún Queensland, ìpínlẹ̀ kan ní Ọsirélíà, síbẹ̀ Ọsirélíà gba ife àgbáyé 2003 àti 2007 lábẹ́ rẹ̀. Greg Chappell, tó jẹ́ òkìkí gidi nígbà tirẹ̀, bá balógun Sourav Ganguly jà nígbà tó ń kọ́ Íńdíà, ikọ̀ náà kò sì kọjá ìpele àkọ́kọ́ nínú ìdíje ife àgbáyé ní 2007. Ó jọ pé ẹni tí ẹ̀bùn gbé kì í sábà mọ bí òun ṣe ń ṣe é, nígbà tí ẹni tó fi ìrònú wá ọ̀nà lè ṣàlàyé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Irú ẹni kejì yìí ni Andy Flower. Inú ikọ̀ Zimbabwe tí kò lágbára ló wà, ó ń dúró lẹ́yìn igi mẹ́ta, níbi tí èèyàn ti ń rí gbogbo bọ́ọ̀lù tó wọlé, ó sì tún ń gbá pátákó. Lọ́dún 2000, ó gbá ayò 232 ní Nagpur láìjáde, tó ń kúnlẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù àwọn tó ń ju èyí tó ń yí. Nígbà tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gba ife àgbáyé T20, ìyẹn eré kúkúrú, ní 2010, wọ́n sì borí Ọsirélíà nílé wọn ní 2010 sí 2011, ohun tí wọn kò ṣe fún ọdún 24.

Èyí tó sábà máa ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ ni ọ̀rọ̀ ta ni yóò yan eléré. Ní orílẹ̀-èdè kan, akọ́nimọ̀ọ́gbá wà lára àwọn tó ń yàn wọ́n. Ní òmíràn, ìgbìmọ̀ nìkan ni, òun yóò sì kọ́ ẹni tí wọ́n bá fún un. Kirsten tún gba irú iṣẹ́ yìí ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, nígbà tí Pakísítànì fi eré kúkúrú àti eré ọlọ́jọ́ kan lé e lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá, àjọ kríkẹ́ẹ̀tì Pakísítànì ti fi yíyan eléré sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ mìíràn, Kirsten sì kọ̀wé fipò sílẹ̀ láì tíì darí ẹyọ eré ọlọ́jọ́ kan.