Ohun tó wà lẹ́yìn líǹkì: bí ilé-ìkàwé yunifásítì ṣe ń tọ́jú jọ́nà orí íntánẹ́ẹ̀tì

Akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó sí yàrá rẹ̀ lóru, ó rí àkọlé àpilẹ̀kọ tó ti ń wá, ó tẹ líǹkì, àpilẹ̀kọ sì ṣí. Lójú tirẹ̀, ilé-ìkàwé yunifásítì òun ló ní jọ́nà yẹn, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí àpilẹ̀kọ náà ti jáde. Bẹ́ẹ̀, jọ́nà ọ̀hún kò sí nílé-ìkàwé rárá. Orí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ jáde ló wà. Ohun tó wà lọ́wọ́ ilé-ìkàwé kò ju ìwé àdéhùn, àkọsílẹ̀ àwọn ọdún tí owó wọn ká, àti líǹkì tó so méjèèjì pọ̀ lọ. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yẹ̀, ojú ewé tó ń béèrè owó ni akẹ́kọ̀ọ́ máa bá pàdé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti san owó ọdún náà tán.

Nígbà tó jẹ́ pé orí bébà nìkan ni jọ́nà wà, ilé-ìkàwé tó bá dẹ́kun owó sísan kò ní rí tuntun gbà mọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ti wà lórí pẹpẹ ti di tirẹ̀. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì dà bí ilé tí a háyà: ọjọ́ tí owó bá tán, kọ́kọ́rọ́ lè pa dà sọ́wọ́ onílé. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń wá ibì kan nínú ìwé àdéhùn kó tó wo iye owó: ṣé àwọn ọdún tí a ti sanwó wọn yóò ṣì ṣeé kà lẹ́yìn tí a bá jáwọ́? Ó tún máa wò ó bóyá àlejò tó yà wọ ilé-ìkàwé lè kà á, àti bóyá wọ́n lè fi ẹ̀dà àpilẹ̀kọ ránṣẹ́ sí ilé-ìkàwé mìíràn tó bá tọrọ rẹ̀.

Láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni àwọn ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé ńlá ti ń di jọ́nà wọn pọ̀ tà lódindi. Iye owó odindi yìí kì í sábà dá lórí bí àwọn èèyàn ṣe ń kà á tó; iye tí ilé-ìkàwé ti ń san nígbà tí jọ́nà wà lórí bébà ni wọ́n gbé e lé, tí wọ́n sì ń fi díẹ̀ kún un lọ́dọọdún. Ìwọlé rẹ̀ dùn, ìjáde rẹ̀ ló le: ẹni tó bá fẹ́ ṣa ìwọ̀nba tó wúlò lè rí i pé ìwọ̀nba yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́n tó odindi. Ohun tó mú kí àwọn ilé-ìkàwé máa kóra jọ ná ọjà pa pọ̀ nìyí. OhioLINK, ẹgbẹ́ àwọn ilé-ìkàwé ní ìpínlẹ̀ Ohio, Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó tètè ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Yunifásítì California fi ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé Elsevier sílẹ̀ ní 2019, ọgbà mẹ́wàá ló fohùn ṣọ̀kan. Àdéhùn tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2021 kó kíkà pọ̀ mọ́ títẹ iṣẹ́ àwọn olùkọ́ wọn jáde kí gbogbo ayé lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn ìfọwọ́síwèé ni iṣẹ́ gan-an ń bẹ̀rẹ̀. Àtòjọ kan wà lẹ́yìn tí òǹkàwé kì í rí: jọ́nà wo la ní, láti ọdún wo dé ọdún wo, ojúlé wo ló wà. ISSN, nọ́ńbà oní-ipò mẹ́jọ tí èyí tó kẹ́yìn lè jẹ́ X, ni wọ́n fi ń dá jọ́nà mọ̀. Àmọ́ jọ́nà kan lè ní ju ẹyọ kan lọ. Jọ́nà Nature ti orí bébà ń jẹ́ 0028-0836, ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ń jẹ́ 1476-4687. Bí líǹkì bá gbé nọ́ńbà kan wá, tó sì jẹ́ èkejì nìkan ló wà nínú àtòjọ, ẹ̀rọ á ní a kò ní in.

Láti 2010 ni ìlànà kan tó ń jẹ́ KBART ti wà fún bí àwọn atẹ̀wé ṣe máa to àkọsílẹ̀ yìí ránṣẹ́. Fáìlì lásán ni. Ẹ jẹ́ ká wo òpó kan ṣoṣo nínú rẹ̀, èyí tó ń sọ ọdún tí wọ́n tì pa. Bí wọ́n bá kọ P10Y síbẹ̀, gbogbo jọ́nà ló ṣí àfi ọdún mẹ́wàá tó kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ R10Y, ọdún mẹ́wàá tó kẹ́yìn nìkan ló ṣí. Òṣìṣẹ́ tó bá ṣèèṣì fi R síbi tó yẹ P ti sọ ṣíṣí di títì, ó sì ti sọ títì di ṣíṣí. Kò sí aago kankan tó máa dún. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ilẹ̀kùn tì mọ́ lójú ló máa kọ́kọ́ mọ̀, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í bá ẹnikẹ́ni sọ.

Àpilẹ̀kọ kan náà tún lè wà níbi mẹ́ta, kí ilé-ìkàwé sì ti sanwó fún ọ̀kan péré. Herbert Van de Sompel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ghent, Bẹ́ljíọ̀mù, wá ọgbọ́n sí èyí ní ìparí àwọn ọdún 1990. Dípò kí líǹkì tọ́ka sí ojúlé kan pàtó, kó ru àpèjúwe àpilẹ̀kọ náà dání, ìyẹn ISSN, ọdún, ìdìpọ̀ àti ojú ewé, kó gbé e tọ ilé-ìkàwé òǹkàwé lọ, kí ilé-ìkàwé sì sọ ibi tó ti lè kà á. OpenURL lorúkọ irú líǹkì yìí.

Àdírẹ́ẹ̀sì IP, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń jẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni ọ̀pọ̀ atẹ̀wé fi ń mọ̀ pé inú yunifásítì ni òǹkàwé wà. Ẹni tó wà nílé máa gba orí proxy, ìyẹn ẹ̀rọ alágbàtà, bí EZproxy kọjá: ó fi páswọ́ọ̀dù wọlé, proxy sì yá a ní àdírẹ́ẹ̀sì ilé ẹ̀kọ́. Bí ẹnì kan bá wá jí páswọ́ọ̀dù, tó ń fi wa ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpilẹ̀kọ sílẹ̀ lóru ọjọ́ kan, àdírẹ́ẹ̀sì yẹn ni atẹ̀wé máa tì. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ á wà níta títí wọ́n á fi rí ẹni náà.

Ìlànà COUNTER, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, ni wọ́n fi ń ka iye ìgbà tí wọ́n ṣí jọ́nà, kí wọ́n lè fi pín owó ọdún. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣàìdáa sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí èèyàn mẹ́fà péré wà níbẹ̀.

Bí ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń pọ̀, àyè ń há fún ti orí bébà, àjọpín sì bọ́ síbẹ̀ náà. Ètò UK Research Reserve bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2007. Lábẹ́ ètò náà, kí ọmọ ẹgbẹ́ tó da jọ́nà nù, wọ́n máa ń wò ó bóyá ẹ̀dà mẹ́ta ṣì kù, ọ̀kan ní British Library, méjì lọ́wọ́ àwọn yòókù. Bí tirẹ̀ bá wà lára mẹ́ta yẹn, kò lè dà á nù.

Ti orí kọ̀ǹpútà náà ní irú ìṣọ́ bẹ́ẹ̀. LOCKSS, ètò tí àwọn ilé-ìkàwé fi ń tọ́jú ẹ̀dà jọ́nà, bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford ní 1999. Kọ̀ǹpútà àwọn ilé-ìkàwé tó wà nínú rẹ̀ máa ń bi ara wọn léèrè bí ẹ̀dà kálukú ṣe rí. Èyí tí tirẹ̀ bá yàtọ̀ á gba àtúnṣe. Portico, ètò mìíràn tó dé ní 2005, kó ẹ̀dà tirẹ̀ pa mọ́. Bí atẹ̀wé bá kógbá sílé, tí jọ́nà kò sì ṣeé kà níbòmíràn mọ́, ìgbà yẹn ni Portico máa ṣílẹ̀kùn fáwọn ilé-ìkàwé tó wà nínú ètò náà. Ẹnì kan á sì tún lọ síbi tí wọ́n kọ jọ́nà yẹn sí nínú àtòjọ, á pa ojúlé àtijọ́ rẹ́, á kọ tuntun síbẹ̀.