Tariq Aziz

Tariq Aziz (28 oṣù kẹrin ọdún 1936 – 5 oṣù kẹfà ọdún 2015) jẹ́ olóṣèlú ọmọ orílẹ̀-èdè Ìrákì. Ó ṣe mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè láti ọdún 1983 sí 1991, ó sì wà nípò igbákejì olórí ìjọba láti 1979 títí ìjọba Saddam Hussein fi wó ní 2003. Kìrìsìtẹ́nì ni, ọmọ ìlú Tel Keppe lẹ́bàá Mosul. Ẹlẹ́sìn rẹ̀ tó dé irú ipò bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ lábẹ́ Saddam.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́ ní yunifásítì Bàgídáàdì. Iṣẹ́ akọ̀ròyìn ló kọ́kọ́ ṣe, ó sì di olóòtú al-Thawra, ìwé ìròyìn Ba'ath, ẹgbẹ́ òṣèlú Saddam. Kò ní ọmọ ogun lẹ́yìn. Ẹnu rẹ̀ ni agbára rẹ̀, Saddam ló sì ń lo ẹnu náà.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1980, wọ́n ju bọ́ǹbù àfọwọ́jù lù ú ní yunifásítì Mustansiriya. Ó yè é. Ìjọba ní Dawa, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn Mùsùlùmí Ṣíà tó ń tako ìjọba, ló wà nídìí rẹ̀, wọ́n sì fojú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà rí màbo.

Ọjọ́ tí ayé mọ̀ ọ́n sí jù ni 9 oṣù kìíní ọdún 1991, nígbà tó pàdé James Baker, akẹgbẹ́ rẹ̀ láti Amẹ́ríkà, ní Geneva. Ìjókòó náà lé ní wákàtí mẹ́fà. Baker gbé lẹ́tà Ààrẹ Bush sí Saddam fún un; Aziz kà á, ó ní èdè inú rẹ̀ kò yẹ ààrẹ, ó sì fi í sílẹ̀ lórí tábìlì. Kò tó ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sórí Bàgídáàdì, nítorí Ìrákì kọ̀ láti jáde ní Kùwéètì, orílẹ̀-èdè tó fi ogun gbà.

Ní oṣù kejì ọdún 2003, ó lọ bá Póòpù John Paul Kejì ní Róòmù, bóyá ogun mìíràn á ṣeé yẹ̀. Kò yẹ̀. Ní 24 oṣù kẹrin, ó fa ara rẹ̀ lé àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lọ́wọ́.

Ní 2009, ilé ẹjọ́ sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 15 nítorí àwọn oníṣòwò 42 tí ìjọba pa ní 1992. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dájọ́ ikú fún un lórí inúnibíni sí àwọn ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Ṣíà. Ọmọ ẹgbẹ́ Dawa, Nouri al-Maliki, ni olórí ìjọba nígbà náà. Ààrẹ Jalal Talabani kọ̀ láti fọwọ́ sí ìdájọ́ náà. Aziz, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù, kú sínú àtìmọ́lé ní Nasiriyah. Jọ́dánì ni wọ́n sin ín sí, ní ìlú Madaba.