Bí Ilé-Iṣẹ́ Akáùńtì Ṣe Ń Ṣọ́ Wákàtí, Àti Bí Ọ̀gá Ṣe Ń Bá Òṣìṣẹ́ Sọ̀rọ̀ Níbẹ̀

Ọjà tí ilé-iṣẹ́ akáùńtì ń tà, wákàtí ni. Kíláyẹ́ǹtì lè rò pé ìwé ọ́díìtì (yíyẹ ìwé owó wò) tí wọ́n lù ní òǹtẹ̀ lòun ń sanwó fún, àmọ́ wákàtí tí pátínà (ọ̀gá àgbà), máníjà, síníọ̀ (àgbà òṣìṣẹ́) àtàwọn júníọ̀ (òṣìṣẹ́ kékeré) fi jókòó ti ìwé rẹ̀ ló wà nínú owó yẹn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń lo àkókò àti ọ̀rọ̀ bí ọ̀gá ṣe ń bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ fi jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, èèyàn ò lè tún ọ̀kan ṣe kó fi ìkejì sílẹ̀. Tí wákàtí bá ń ṣòfò, kì í sábà jẹ́ níbi tí èèyàn ti dorí kodò ń ṣiṣẹ́, ibi tí iṣẹ́ ti ń kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì ló ti ń jò lọ.

Kálẹ́ńdà ló ń lé wọn kiri. December 31 ni ọ̀pọ̀ kọ́ńpìnì nílẹ̀ wa ń parí ọdún ìnáwó wọn. Èyí tó bá wà lórí ọjà ìpín NGX ní 90 ọjọ́ láti gbé ìwé tí wọ́n ti ṣe ọ́díìtì ẹ̀ jáde, owó orí kọ́ńpìnì ní oṣù 6, ìyẹn ni pé tó bá fi máa di June 30 ó yẹ kí ìwé ti dọ́wọ́ ìjọba. Láàárín ìyẹn, PAYE, ìyẹn owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù òṣìṣẹ́, gbọ́dọ̀ wọlé kó tó kọjá ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀lé e, VAT (owó orí ọjà) ní ọjọ́ 21 tiẹ̀, ìwé ọdọọdún PAYE tí agbanisíṣẹ́ ń fi sílẹ̀ ní January 31 tiẹ̀. Ẹ wá fi kún un pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ náà ló tún ń kàwé ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn akántáǹtì, lálẹ́, ìdánwò kan sì máa ń bọ́ sí oṣù May, nígbà tí iṣẹ́ gan-an gbóná jù. Ẹni tí kò bá ti ṣètò láti October, January á kàn gbá a lulẹ̀ ni.

Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní bọ́jẹ́ẹ̀tì wákàtí tiẹ̀. Ká ní ọ́díìtì kọ́ńpìnì kan tó ń ta sìmẹ́ńtì, tí wọ́n gbà ní mílíọ̀nù 3 náírà. Máníjà á ṣí fáìlì ọdún tó kọjá, á pín in: pátínà wákàtí 6, máníjà fúnra ẹ̀ 18, síníọ̀ 40, júníọ̀ méjì 56, gbogbo ẹ̀ di 120. Tí wọ́n bá parí ẹ̀ sí 120, wákàtí kan pa ₦25,000. Tó bá fà dé 160, kíláyẹ́ǹtì ò ní fi kọ́bọ̀ kún owó, wákàtí kan ti di ₦18,750 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ owó oṣù, dísẹ̀lì àti rẹ́ǹtì ò dín kù.

Ọ̀pọ̀ máníjà ló máa ń ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì yìí tán, wọ́n á wá tì í mọ́ inú Excel tiwọn, ohun tó ń pa iṣẹ́ lára gan-an nìyẹn. Júníọ̀ tí wọ́n rán lọ ka àpò sìmẹ́ńtì ní ilé ìkẹ́rù, tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé wákàtí 5 ni iṣẹ́ yẹn ní, á lo ọjọ́ méjì níbẹ̀ tọkàntọkàn, á máa rò pé òun ń ṣe dáadáa ni. Ẹ fi bọ́jẹ́ẹ̀tì han gbogbo wọn lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, àti ti pátínà pàápàá, kí wọ́n rí i pé wákàtí 6 péré ni ọ̀gá àgbà ní, ìyẹn á jẹ́ kí wọ́n mọ irú ìbéèrè tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

Timesheet, ìwé tí kálukú ń kọ wákàtí ẹ̀ sí, ni wọ́n fi ń mọ ibi tí wákàtí gbà lọ. Gbogbo èèyàn ló ń kún un, àtọ̀gá àtọmọ iṣẹ́. Àwọn kan ń lo ìṣẹ́jú 15 fún ìwọ̀n kan, àwọn míì ìṣẹ́jú 6, torí ìdá kan nínú mẹ́wàá wákàtí ni ìṣẹ́jú 6, ìṣírò ẹ̀ sì rọrùn, ìṣẹ́jú 18 á di 0.3, ìṣẹ́jú 42 á di 0.7. Ọ̀dọ̀ àwọn lọ́yà Amẹ́ríkà ni àṣà yìí ti gbilẹ̀, Reginald Heber Smith tó jẹ́ lọ́yà ní Boston ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ pé ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Kíláyẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan ní kóòdù tiẹ̀, ẹ̀kọ́ ní tiẹ̀, ìsinmi ní tiẹ̀, ìrìn ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ ní tiẹ̀ torí ẹni tó bá ti Ikẹja lọ sí Apapa tí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ mú un fún wákàtí 3, tó bá kó wákàtí yẹn pọ̀ mọ́ iṣẹ́, ẹni tó máa kà á lọ́dún tó ń bọ̀ á rò pé ìwé ló pọ̀ lọ́dọ̀ kíláyẹ́ǹtì yẹn.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ ṣẹlẹ̀ ni kéèyàn kọ ọ́, kó tó pa kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá dúró di ìrọ̀lẹ́ Friday, 8, 8, 8, 8, 8 ló máa kọ, kò ní rántí pé ní Tuesday kíláyẹ́ǹtì míì pè é lẹ́ẹ̀mẹ́rin tí kò jẹ́ kó ṣe nǹkan kan títí di ọ̀sán.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ èyí tó burú jù, kí òṣìṣẹ́ máa gé wákàtí ara ẹ̀ kúrú. Wọ́n fún un ní wákàtí 5, ó lo 9, ó gbé iṣẹ́ délé, ó ṣe é di òru, ó wá kọ 5 sórí timesheet kí wọ́n má bàa sọ pé ọwọ́ ẹ̀ ò yá. Ó dà bíi pé ilé-iṣẹ́ jèrè wákàtí 4 lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ kò sóhun tó jọ ọ́. Lọ́dún tó ń bọ̀ máníjà á tún ṣí fáìlì, á rí 5, á kọ 5, wọ́n á gbé e fún ọmọ míì, òun náà á lo 9, òun náà á gé e. Irọ́ á di bọ́jẹ́ẹ̀tì. Iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ kíláyẹ́ǹtì ò ní gòkè láéláé torí ìwé ń sọ pé iṣẹ́ náà ò le, àwọn ọmọ tó dáa jù á sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ torí ó ti rẹ̀ wọ́n.

Ẹnu ọ̀gá ló ń fa èyí, kì í ṣe ìwà òṣìṣẹ́. Tí ẹni tó kọ òótọ́ bá gbọ́ "kí lo ń ṣe látàárọ̀?" lẹ́ẹ̀kan, kò ní kọ òótọ́ mọ́, àwọn tó jókòó tì í náà ti kọ́gbọ́n. Ohun tó yẹ kí máníjà bi í ni "ibo ni iṣẹ́ yẹn ti há mọ́ ẹ lọ́wọ́?" Ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa mọ̀ pé ìwé àkọsílẹ̀ ọjà tí kíláyẹ́ǹtì kó wá kò pé, tàbí pé ọmọ náà ò tíì ṣe irú ẹ̀ rí, àwọn méjèèjì ló ní oògùn.

Nípa bí wọ́n ṣe ń gbé iṣẹ́ fúnni. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú ẹ̀ á di odindi, òwe yìí dáa láàárín àwọn àgbà tó mọ ara wọn, àmọ́ lẹ́nu ọ́díìtì odindi ni kí wọ́n sọ ọ́. "Bá mi wo báńkì àwọn èèyàn yẹn" ò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ fi wé èyí: "Mú bank reconciliation (ìwé tí kíláyẹ́ǹtì fi so ìwé owó tiẹ̀ mọ́ ti báńkì) December ti àkáǹtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fi wé lẹ́tà tí báńkì fi ránṣẹ́ sí wa tààrà, ṣẹ́ẹ̀kì tí ò bá tíì kọjá títí ìparí January, kọ ọ́ sọ́tọ̀. Wákàtí 4 ni mo fún ẹ. Tó o bá rí ìyàtọ̀ tó ju ₦500,000 lọ, má dúró dìgbà tó o parí, pè mí." Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ láti sọ ọ́, ó sì ti sọ ohun tí wọ́n fẹ́, ohun tí wọ́n máa fi wé, ibi tó máa dúró, àkókò tó ní, àti ìgbà tó gbọ́dọ̀ pariwo.

Kí ọ̀gá wá má bi í pé "ṣé ó yé ẹ?" o. Lọ́ọ́fíìsì Yorùbá, ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà fún ìbéèrè yẹn, "ó yé mi sà." Ọmọ tí wọ́n tọ́ pé kó má ṣe yájú sí àgbàlagbà ò ní dúró níwájú pátínà kó sọ pé àlàyé ẹ̀ ò yé òun, ọ̀wọ̀ ló ń bù fún un, ẹ̀yìn ló máa lọ bi ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí ò mọ̀ ọ́n. Ẹ bi í pé "ibo lo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀?" kí ẹ sì fetí sílẹ̀. Tó bá ti gbà á sódì, á hàn níbẹ̀, kó tó ná ọjọ́ kan ààbọ̀ sí i.

Ọ̀wọ̀ yìí tún ní apá kejì. Ó wọ́pọ̀ kí máníjà jẹ́ ọmọ ọdún 30 tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀ sì ti lé ní 45. "Ẹ" ni kó máa fi pè é, kó sọ pé "ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ sà, apá àwọn tó jẹ kọ́ńpìnì lówó yìí ò tíì parí, ẹ bá mi wo àwọn tó ti ju 90 ọjọ́ lọ kí ẹ tó lọ lónìí." Iṣẹ́ náà ṣe kedere, gbèdéke wà níbẹ̀, iyì ẹ̀gbọ́n náà wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé àṣìṣe ni wọ́n fẹ́ bá a sọ, yàrá ni kí wọ́n ti sọ ọ́. Ẹni tí wọ́n bá tàbùkù níwájú àwọn ọmọ kékeré ò ní mú ìṣòro wá mọ́, lẹ́yìn tí gbogbo nǹkan bá ti bàjẹ́ ni wọ́n máa tó gbọ́.

Ìbéèrè pàápàá nílò ètò. Júníọ̀ mẹ́ta tó ń wọlé tọ máníjà ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò ní jẹ́ kó lè ka ojú ìwé kan tán. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí wọ́n máa kọ ìbéèrè jọ, kí máníjà sì ya aago 11 àárọ̀ àti aago 4 ìrọ̀lẹ́ sọ́tọ̀ fún un, àyàfi ohun tó bá dá iṣẹ́ dúró pátápátá. Àmọ́ kó wà níbẹ̀ o. Tó bá pa aago 4 jẹ lẹ́ẹ̀mejì, ètò yẹn ti kú. Bákan náà ni lọ́dọ̀ kíláyẹ́ǹtì, lísìtì ìbéèrè kan ṣoṣo lójúmọ́ láti ọwọ́ síníọ̀, kí wọ́n yéé da akántáǹtì wọn láàmú.

WhatsApp ti wọ inú iṣẹ́ yìí, kò sì ní jáde mọ́, pàápàá látìgbà tí wọ́n ti ti Èkó pa ní March 30, 2020 tí kálukú ń ṣiṣẹ́ látilé. Ó dáa fún "mo ti dé ibi kíláyẹ́ǹtì" àti "iná lọ, mo máa pè yín padà." Ìpinnu ni kò gbọ́dọ̀ sùn síbẹ̀. Tí máníjà bá fi fóònù sọ pé kí wọ́n gba iye tí kíláyẹ́ǹtì kọ, ó gbọ́dọ̀ wọ inú fáìlì iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, torí ISA 230, ìlànà àgbáyé lórí kíkọ iṣẹ́ ọ́díìtì sílẹ̀, béèrè pé kí ọ́díìtọ̀ míì tó nírìírí, tí kò sí níbẹ̀, lè ka fáìlì náà kó sì mọ ohun tí wọ́n ṣe àti ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Fọ́ìsì nóòtì ìṣẹ́jú mẹ́rin tí pátínà fi ránṣẹ́ láàárọ̀ Sunday náà ò yẹ níbẹ̀, ẹni tó gbọ́ ọ kò ní lè wá gbólóhùn kan nínú ẹ̀ lọ́jọ́ Wednesday.

Ohun míì tó ń jẹ wákàtí láìsí ẹni tó mọ̀ ni "ẹ kàn bá wa ṣe eléyìí, kò pọ̀." Kíláyẹ́ǹtì pe pátínà, pátínà ní kò sí wàhálà, kò sọ fún máníjà, ọmọ kan ti lo ọjọ́ méjì lórí ìwé owó oṣù tí kò sí nínú àdéhùn. Kò burú láti ṣojúure fún kíláyẹ́ǹtì, àmọ́ kó ní kóòdù tiẹ̀, kí wọ́n rí iye tó ná wọn.

Tí ìdajì wákàtí tó wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì bá ti lọ, máníjà gbọ́dọ̀ wò ó bóyá ìdajì iṣẹ́ ti lọ. Ní wákàtí 60 nínú 120 ti kọ́ńpìnì sìmẹ́ńtì yẹn, ó ṣì ṣeé ṣe láti fi èèyàn kún un, tàbí kí wọ́n pe kíláyẹ́ǹtì pé ìwé tí ò dé ló ń fà á. Ní 115, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Yíyẹ iṣẹ́ wò náà, bó ṣe ń parí ní apá kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́. Máníjà tó kó gbogbo ẹ̀ jọ di ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn á kọ àkíyèsí 70 lẹ́ẹ̀kan, ọmọ tó ṣiṣẹ́ náà ti wà lọ́dọ̀ kíláyẹ́ǹtì míì nígbà yẹn, ó ti gbàgbé. Àkíyèsí fúnra ẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ nǹkan. "Kí lèyí?" ò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. "Iye tó wà ní ìlà 14 ò bá ti ìwé báńkì mu, fi ₦86,000 tó yàtọ̀ hàn" ni wọ́n lè ṣe tán kí ọjọ́ náà tó lọ.

Lẹ́yìn tí pátínà bá ti buwọ́ lu ìwé ọ́díìtì náà, ìlànà ISA 230 kan náà ní kí wọ́n to fáìlì pọ̀ láàárín 60 ọjọ́. Àsìkò yẹn ló dáa jù fún gbogbo wọn láti jókòó fún wákàtí kan, kí júníọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí ọ̀gá tó sọ tiẹ̀, kí wọ́n kọ wákàtí gidi tí apá kọ̀ọ̀kan gbà, ìwé tí kíláyẹ́ǹtì pẹ́ kó tó mú wá, àti ẹni tó mọ iṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó bá di October, síníọ̀ á yọ ìwé kan yẹn jáde, á fi kọ lísìtì ohun tí kíláyẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ ti pèsè sílẹ̀ kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì January.