Atọ́ka iṣẹ́: ohun tí "a dúpẹ́" kò lè sọ fún wa

Ẹ bi alábúrẹ́dì kan ní Mọ́kọ́lá bí iṣẹ́ ṣe ń lọ sí, á ní, "A dúpẹ́." Ìdáhùn ọmọlúàbí ni, ṣùgbọ́n kò ṣeé kà. Atọ́ka iṣẹ́, tí àwọn ará ọ́fíìsì ń pè ní KPI, ni ohun tó ṣeé kà tàbí tó ṣeé wọ̀n, tó ń fi hàn bóyá iṣẹ́ ń sún mọ́ ibi tí a fẹ́ kó dé.

Orúkọ nìkan kò tó. Ká ní atọ́ka wa ni "búrẹ́dì tó padà". Dírẹ́bà ka èyí tó rún nìkan, ó ní 40. Ẹni tó wà ní sítọ́ọ̀ ka èyí tó bu mọ́ ọn, ó ní 65. Kò sí ẹni tó purọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni kọ àdéhùn: kí là ń kà, nínú mélòó tó jáde, láàárín ìgbà wo, inú ìwé ta ni iye náà ti ń wá, ta ni yóò sì jíhìn fún un.

Atọ́ka yàtọ̀ sí àfojúsùn o. "Iye tó padà" ni atọ́ka. "Kó má kọjá 5 nínú 100" ni àfojúsùn. Àwọn èèyàn máa ń lú méjèèjì pọ̀ bí àdàlú.

Ibi tó dùn jù ni yíya àwòrán bí àwọn atọ́ka ṣe so mọ́ra. Iná lọ, búrẹ́dì pẹ́ dé Bódìjà, àwọn tó fẹ́ jẹun àárọ̀ ti ra nǹkan mìíràn: ọ̀kan ló ń fa èkejì, ọfà la ó fi so wọ́n. Àmọ́ tí òjò bá ti àárọ̀ rọ̀, búrẹ́dì á padà, píọ̀ wọ́tà náà kò ní tà. Wọ́n kàn jọ ń rìn ni. Ẹni tó bá fi ọfà so ìwọ̀nyí á máa polówó omi kí búrẹ́dì rẹ̀ lè tán.

Lọ́dún 1975, Charles Goodhart, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kíyè sí i nínú ètò owó ìlú pé nọ́ńbà tí a bá ti fi ń darí nǹkan kì í pẹ́ yẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí gé owó dírẹ́bà nítorí búrẹ́dì tó padà, kò ní gba ẹyọ kan padà mọ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń tà á. Atọ́ka á di òdo, àwọn ìyá á sì lọ sọ́dọ̀ alábúrẹ́dì mìíràn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń so atọ́ka kejì mọ́ ọn: ìyá mélòó ló ṣì ń gba ọjà lọ́wọ́ wa lóṣù yìí?