Ilé tí kò sí, owó tó lọ: bí gbájúẹ̀ ilé gbígbà ṣe ń mú ọmọ Okun tó ń lọ òkè òkun

Bí ènìyàn bá fẹ́ gba yàrá ní Kàbbà, ní ilẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi, ọ̀nà rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Yóò wá ẹnì kan tó mọ àdúgbò, wọn yóò jọ rìn dé ilé náà, yóò gbójú sókè wo àjà, yóò yọjú sí kànga, yóò sì bi àwọn aládùúgbò léèrè pé ta ló ni ilé. Kó tó san owó ọdún kan, ó kéré tán ẹni mẹ́ta ti sọ fún un pé lágbájá ló ni ín, bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ, kò sí ẹjọ́ lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Ìsánlú, Mọ̀pà, Ẹ̀gbẹ̀, Ìyàrà àti Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀. Ìwé àdéhùn lè má sí rárá, nítorí ẹnu àwọn ará àdúgbò ni ìwé.

Ọjọ́ tí ọmọ ilé yẹn bá rí físà gbà láti lọ kàwé ní Coventry tàbí Hull ní England, gbogbo ẹlẹ́rìí wọ̀nyí ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé tó fẹ́ gbà wà ní ìlú tí kò dé rí, kò sì mọ ẹni tí yóò bi léèrè. Ibẹ̀ gan-an ni oníjìbìtì ń gbà wọlé.

Kì í ṣe òmùgọ̀ ni àwọn tó ń kó sí i lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n mọ̀ nílé ló ń ṣì wọ́n lọ́nà. Ní Nàìjíríà, onílé ń gba owó ọdún kan, nígbà mìíràn méjì, lẹ́ẹ̀kan náà. Àgẹ́ǹtì ń gba tirẹ̀, ẹni tó kọ agírímẹ́ǹtì náà ń gba tirẹ̀. Nítorí náà, bí àjèjì kan lórí fóònù bá ní kí wọ́n san owó oṣù mẹ́fà pẹ̀lú owó àgẹ́ǹtì kí wọ́n tó fojú kan ilé, kò ní ya bàbá tó wà nílé lẹ́nu.

Àkókò náà tún ń ran oníjìbìtì lọ́wọ́. Ní ìwọ̀-oòrùn Kogi, ọ̀pọ̀ òbí ń dúró de owó kajú láàárín oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún kí wọ́n tó lè kó owó iléèwé jọ. Físà lè má jáde títí di oṣù Kẹjọ, iléèwé yóò sì wọlé ní oṣù Kẹsàn-án. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yẹn, yàrá gidi ti ń wọ́n nítòsí yunifásítì, owó wà nílẹ̀, ọkàn ò sì balẹ̀. Oníjìbìtì mọ kàlẹ́ńdà yìí dáadáa.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò le. Yóò wá àwòrán ilé tí wọ́n fẹ́ tà tàbí èyí tí àlejò ń gbà fún ọjọ́ díẹ̀, yóò jí i kó, yóò fi iye tó dín sí ti àdúgbò síbẹ̀, yóò sì jù ú sínú ẹgbẹ́ WhatsApp tí àwọn ọmọ tó fẹ́ rìnrìn àjò wà. Irú iṣẹ́ tó máa ń fi ránṣẹ́ nìyí:

"Okun o. Yàrá ṣì wà. £450 lóṣù, iná àti omi wà nínú rẹ̀. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Scotland, n ò lè mú yín wọlé, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ yóò dé ọ̀dọ̀ yín bí owó oṣù méjì àti owó ìdógò bá ti wọlé. Ẹni méjì míì ń bèèrè. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. "Okun o" kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun. Ẹni tó bá ti wà nínú ẹgbẹ́ náà fún ọjọ́ méjì ti mọ bí a ṣe ń kíra wa. Kódà kó jẹ́ ọmọ wa ni lóòótọ́, ó lè jẹ́ yàrá tí òun náà ń háyà ló fẹ́ tún háyà fún ẹlòmíràn láìsọ fún onílé. Bí onílé bá sì dé, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni yóò kó ẹrù jáde. £450 ni wọ́n fi ń fa ojú mọ́ra nígbà tí irú yàrá bẹ́ẹ̀ ń lọ ní £650 ládùúgbò kan náà. Ní ti onílé tí kò sí nílé, bí kò bá sí ní Scotland, á jẹ́ orí ọkọ̀ òkun, ilé ìwòsàn tàbí iṣẹ́ míṣọ́nnárì ní ilẹ̀ mìíràn. Ohun tó dájú ni pé ẹnikẹ́ni kò ní fojú kàn án. Kọ́kọ́rọ́ tó ń tẹ̀lé owó ni ọkàn ẹ̀tàn náà. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ni wọ́n fi ń dí ọ̀nà mọ́ ìbéèrè, nítorí ẹni tó bá sùn lórí ọ̀rọ̀ náà yóò jí rí ihò inú rẹ̀.

Nígbà mìíràn wọ́n á fi ìlínkì kún un, ojú ewé tó jọ ti Airbnb tàbí Rightmove bí ìbejì, tó jẹ́ pé lẹ́tà kan péré ló yàtọ̀ nínú àdírẹ́sì rẹ̀. Rightmove àti Zoopla kì í gba owó ilé lọ́wọ́ ayálégbé. Pátákó ìpolówó ni wọ́n.

Nígbà tí kò sí aládùúgbò tí a lè bi, òfin ibẹ̀ àti ìwé ìjọba ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dúró gẹ́gẹ́ bí aládùúgbò. England ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń lọ, òfin rẹ̀ lórí owó ilé sì ṣe kedere débi pé òǹkà lásán lè tú èké fó. Ká ní owó oṣù kan jẹ́ £650. Ẹ ṣe é ní ọdún kan, £7,800 ni. Ẹ pín in sí ọ̀sẹ̀ 52, £150 lọ́sẹ̀. Lábẹ́ òfin Tenant Fees Act tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2019, owó tí wọ́n lè gbà láti fi mú yàrá dúró kò gbọ́dọ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ kan lọ, ìyẹn £150. Owó ìdógò, tí onílé ń dì mú bí nǹkan bá bàjẹ́, kò gbọ́dọ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ bí owó ilé ọdún kan kò bá tó £50,000, ìyẹn £750. Àgẹ́ǹtì kò sì gbọ́dọ̀ gba kọmíṣọ̀n lọ́wọ́ ayálégbé rárá. Bí ẹnì kan bá wá ní kí ẹ san £1,300 ìdógò lórí yàrá yìí, pẹ̀lú £200 ti àgẹ́ǹtì, ó ti rú òfin, ká má tíì béèrè bóyá ilé náà wà.

Òfin mìíràn, Renters' Rights Act, tí ọba fọwọ́ sí ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, tún mú un le. Láti ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 2026, onílé aládàáni kò lè gba ju owó ilé oṣù kan lọ ṣáájú, kò sì lè gbà á kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Kò kan àwọn ilé ńlá tí wọ́n dìídì kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, ìlànà tiwọn yàtọ̀. Àmọ́ "ẹ san oṣù mẹ́fà kí n tó kọ ìwé" lẹ́nu ẹni tó ní ilé kékeré kan kò bófin mu mọ́.

Owó ìdógò náà kì í sùn lápò onílé lásán. Láti ọdún 2007 ni òfin ti ní kí wọ́n fi ààbò sí i ní ọ̀kan nínú àjọ mẹ́ta tí ìjọba fọwọ́ sí: Deposit Protection Service, MyDeposits àti Tenancy Deposit Scheme. Ọjọ́ 30 ni onílé ní láti ṣe é lẹ́yìn tó bá gba owó. Ayálégbé lè lọ sí ojú ewé àjọ náà fúnra rẹ̀ wo bóyá owó òun wà níbẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ gba ti àwòrán sátífíkéètì tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àwọn tó ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú onílé kò sí lábẹ́ ààbò yìí, nítorí náà kí wọ́n túbọ̀ ṣọ́ra.

Ohun kan wà tó jẹ́ pé onílé gidi ní England gbọ́dọ̀ béèrè, tí oníjìbìtì sábà máa ń gbàgbé: ẹ̀rí pé àlejò náà lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ilé. Right to Rent ni wọ́n ń pè é. Bí onílé bá gba àlejò tí kò ní ẹ̀tọ́ yìí láìyẹ̀ ẹ́ wò, owó ìtanràn rẹ̀ lè tó £10,000 lórí ẹnì kan. Ayálégbé á lọ sí ojú ewé ìjọba, GOV.UK, á gba kóòdù kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà R, á sì fún onílé pẹ̀lú ọjọ́ ìbí rẹ̀. Onílé yóò wo ó fúnra rẹ̀ lójú ewé ìjọba. Ẹni tó ní kò sí ìwé tí òun fẹ́ rí, kí owó ṣáà wọlé, onílé irú wo ni? Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń béèrè BVN, nọ́ńbà káàdì báńkì tàbí àwòrán gbogbo ojú ewé ìwé ìrìnnà kó tó fi yàrá hàn. Irú wọn lè má wá owó ilé rárá, kó jẹ́ pé orúkọ yín gan-an ni wọ́n fẹ́ lò.

Ìbéèrè tí a máa ń bi aládùúgbò ní Kàbbà, "ta ló ni ilé yìí?", ní ìdáhùn níbẹ̀ náà. HM Land Registry, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú orúkọ onílẹ̀ ní England àti Wales, ń ta ẹ̀dà ìwé náà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó rẹ̀ kò ju £7 lọ. Bí orúkọ tó wà níbẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń gba owó, kí ó ṣàlàyé, kí àlàyé náà sì ní ìwé. Bí ó bá pe ara rẹ̀ ní àgẹ́ǹtì, òfin ní kó wà lábẹ́ The Property Ombudsman tàbí Property Redress. Ẹ wá orúkọ iléeṣẹ́ náà lójú ewé wọn, kí ẹ sì pe nọ́ńbà iléeṣẹ́ tí ẹ wá rí fúnra yín. Èyí tó wà nínú ìpolówó kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí àwọn oníjìbìtì ti mọ bí a ṣe ń gbé orúkọ iléeṣẹ́ gidi wọ̀ bí ẹ̀wù.

Fídíò ojú ẹsẹ̀ tún wúlò. Ẹ ní kó dúró níta níwájú ilé níbi tí ẹ ti lè rí nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn, kó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i, kó wọlé láì pa fídíò, kó ṣí ẹ̀rọ omi, kó ṣí fèrèsé kí ẹ rí òpópónà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo òpópónà yẹn lórí Google Street View bóyá ilẹ̀kùn náà bára mu. Ẹ fi Google Lens wá àwọn àwòrán rẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn yóò já sí ilé ìlú mìíràn. Fídíò nìkan kò tó, nítorí oníjìbìtì lè háyà ilé náà fún ọjọ́ mẹ́ta kó sì máa fi han ènìyàn mẹ́wàá. Ìdí nìyẹn tí fídíò àti orúkọ onílé fi gbọ́dọ̀ jọ rìn. Bí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá kan bá wà nítòsí, ẹ fún un lówó ọkọ̀ kó lọ kan ilẹ̀kùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ tún ti jinlẹ̀ ni ọ̀nà tí owó ń gbà lọ, ìwọ̀nba sì ni àwọn tó ń rò ó. Bàbá ní Kàbbà kì í sábà ní pọ́n-ùn lọ́wọ́. Yóò san náírà sínú àkáǹtì ẹni tó ń ṣe ṣẹ́ńjì ní Abuja tàbí Èkó, ẹni yẹn yóò pe ẹnìkejì rẹ̀ ní London, ẹnìkejì yóò sì san pọ́n-ùn sínú àkáǹtì "onílé". Lójú báńkì ní London, ẹni tí kò mọ bàbá rí ló san owó fún ẹni tí bàbá kò mọ̀ rí. Láti ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, báńkì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ máa dá owó padà, tó fi dé £85,000, fún oníbàárà wọn tí wọ́n bá tàn san owó sínú àkáǹtì mìíràn nínú orílẹ̀-èdè náà. Ẹnìkejì oníṣẹ́ńjì ni oníbàárà báńkì náà, ẹnikẹ́ni kò sì tàn án. Bàbá tí owó kajú rẹ̀ lọ kò ní orúkọ kankan nínú ìwé náà. Owó tó bá ti Nàìjíríà lọ tààrà náà kò sí lábẹ́ ìlànà yìí. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń sanwó láti ilé kò ní ohun tó lè dì mú, àfi àyẹ̀wò tó ṣe kó tó san án. Káàdì ẹ̀bùn, owó kírípítò àti Western Union tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí owó tí wọ́n bá ti gbà níbẹ̀ kì í sábà padà.

Ní Jámánì, owó ìdógò kò gbọ́dọ̀ ju owó ilé oṣù mẹ́ta lọ, láì ka owó iná àti ìmúlégbóná mọ́ ọn. Ayálégbé lè pín in san lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìpín àkọ́kọ́ sì jẹ́ ìgbà tí àdéhùn bẹ̀rẹ̀. Onílé níbẹ̀ tún gbọ́dọ̀ kọ ìwé tí àlejò yóò fi forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìlú. Ẹni tó ní kò ṣeé ṣe ń fi nǹkan pamọ́. Ní Ontario, Kánádà, owó oṣù ìkẹyìn nìkan ni onílé lè gbà gẹ́gẹ́ bí ìdógò, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó "bí nǹkan bá bàjẹ́".

Ọ̀nà tó dára jù ni kí ọmọ náà má gba ilé ọdún kan láti Kàbbà rárá. Kí ó gba yàrá yunifásítì, tàbí ibùsùn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ní ilé àlejò tí wọ́n mọ̀, tàbí kó sùn lọ́dọ̀ ọmọ ìjọ fúngbà díẹ̀. Yóò fi ọjọ́ wọ̀nyẹn rìn ká ìlú, kó wọ yàrá fúnra rẹ̀, kó gbóòórùn ọ̀rinrin ara ògiri tí àwòrán kì í fi hàn, kó sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ilé kejì. Ibùsùn ọ̀sẹ̀ méjì lè dà bí ìnáwó ńlá nígbà tí a bá ṣẹ́ ẹ sí náírà, ṣùgbọ́n kò ní tó ohun tí ilé tí kò sí yóò kó lọ.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, wákàtí àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Kí wọ́n pe báńkì tí owó ti jáde kí wọ́n gbìyànjú láti dá a dúró, kí wọ́n pe oníṣẹ́ńjì kí ẹnìkejì rẹ̀ náà pe báńkì tirẹ̀ ní London, kí wọ́n kó gbogbo ọ̀rọ̀ WhatsApp pamọ́ láì pa ọ̀kankan rẹ́, kí wọ́n fi tó ọlọ́pàá létí níbí àti lọ́hùn-ún, kí wọ́n sì sọ fún ọ́fíìsì ilé gbígbé ní yunifásítì. Ìtìjú ló máa ń pa ọ̀pọ̀ lẹ́nu mọ́, pàápàá bí ó bá jẹ́ ọmọ ìlú ẹni ló ṣe é. Kí wọ́n fi orúkọ àti nọ́ńbà àkáǹtì náà sínú ẹgbẹ́ WhatsApp yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, nítorí òbí mìíràn ní Ìsánlú lè máa tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù rẹ̀ lọ́wọ́.