Ìkójọ àti òwò òkúta kùsà ní Ìlọrin àti gúúsù Kwara

Ìkójọ òkúta kùsà ni kéèyàn máa wá, máa rà, máa tọ́jú, nígbà míì kó sì máa ta òkúta tó ṣì wà bí ilẹ̀ ṣe dá a, tí ẹnikẹ́ni ò gé, tí wọn ò gbẹ́, tí wọn ò yọ́. Ibẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí òwò góòlù àti òwò òkúta ọ̀ṣọ́, torí alágbẹ̀dẹ máa yọ́ góòlù ni, ẹni tó ń ṣe òrùka náà máa gé òkúta tiẹ̀ títí táá fi dán, àmọ́ ẹni tó ń kó òkúta jọ fẹ́ ẹ bó ṣe jáde látinú ilẹ̀, pẹ̀lú igun ẹ̀, àwọ̀ ẹ̀, àti òkúta míì tó lẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́ lára kì í sábà fi sílẹ̀ mọ́. Washington Roebling, ẹnjiníà tó bójú tó kíkọ́ afárá Brooklyn ní New York, kó òkúta jọ títí ọjọ́ alẹ́ ẹ̀, nígbà tó sì kú ní 1926, nǹkan bí 16,000 ló fi sílẹ̀, ọmọ ẹ̀ wá kó gbogbo ẹ̀ fún mùsíọ́ọ̀mù Smithsonian, wọ́n ṣì ń fi ṣe ìwádìí níbẹ̀ dòní.

Òkúta nínú ìtàn Ìlọrin

Ìlọrin mọ òkúta tipẹ́. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, àwọn tó ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ lántànà wà lára àwọn tó wá fìdí kalẹ̀ sí Ìlọrin, iṣẹ́ yìí sì gbilẹ̀ níbẹ̀ gan-an ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Òkúta pupa tí wọ́n ń lò kì í ṣe ti àdúgbò, apá òkè Ọya ni àwọn oníṣòwò ti ń gbé e wá. Wọ́n á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, wọ́n á fi irin tín-ín-rín lu ihò sí i lọ́wọ́, díẹ̀díẹ̀, wọ́n á wá lọ̀ ọ́ lórí ọlọ títí táá fi máa kọ mànà, ìlẹ̀kẹ̀ yẹn sì ni àwọn ọba, ìjòyè àti ọlọ́lá ń wọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun, tó pọ̀ tí owó ẹ̀ ò sì tó ti Ìlọrin, ló pa iṣẹ́ náà lára ní sẹ́ńtúrì ogún. Ó dùn mọ́ni pé lántànà àtijọ́ ṣì wà nínú àpótí àwọn ìyá àgbà, àwọn tó sì mọyì ẹ̀ kì í jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ohun tó wà nílẹ̀

Orí òkúta àtayébáyé tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní Basement Complex ni Ìlọrin àti ọ̀pọ̀ ìlú Ìgbómìnà àti Ìbọ̀lọ́ jókòó lé. Nínú òkúta yìí ni àwọn iṣan funfun kan wà tó ń jẹ́ pegmatite, wọ́n sì wà lára ọ̀wọ́ kan tó na nǹkan bí 400 kìlómítà láti ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà lọ sí apá Jos. Ìgbà tí òkúta gbígbóná ń tutù nísàlẹ̀ ilẹ̀, omi tó kù kẹ́yìn, tí àwọn èròjà bíi boron, lithium àti beryllium pọ̀ nínú ẹ̀, ló ń dì sínú àwọn iṣan yìí, tí àyè ṣófo bá sì wà nínú ẹ̀, krístálì, ìyẹn òkúta tí ojú àti igun ẹ̀ tò létòlétò, á ráàyè dàgbà kí igun ẹ̀ pé, kò sí ohun tó máa tì í. Inú irú àyè bẹ́ẹ̀ ni písì, ìyẹn ẹyọ òkúta tí wọ́n ń kó jọ, tó dáa jù ti ń jáde, amọ̀ funfun ló sì máa ń yí i ká, ìdí nìyẹn tí awakùsà tó mọṣẹ́ fi máa ń dẹwọ́ tó bá ti rí amọ̀ yẹn.

Nínú àwọn òkúta tó ń jáde níbẹ̀, èyí tó ń jẹ́ tourmaline ló gbajúmọ̀ jù. Ó gùn bí ọ̀pá, ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tò sí ara ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí wọ́n bá sì gé e láàárín, ojú ẹ̀ máa ń jọ igun mẹ́ta tó yíkà létí. Quartz, òkúta míì tó wọ́pọ̀, ní tiẹ̀ ní ojú mẹ́fà, ilà ara ẹ̀ sì máa ń dábùú ni, kì í dúró, nǹkan kékeré yìí nìkan ti tó láti yọ olùbẹ̀rẹ̀ nínú jìbìtì. Tourmaline dúdú pọ̀ débi pé àwọn awakùsà máa ń dà á nù, bẹ́ẹ̀ tó bá dán tí orí ẹ̀ ò sì kán, tó tún jókòó sórí òkúta funfun tó ń jẹ́ feldspar, ó rẹwà, ó sì tó kó sínú àkójọ.

Èyí tó gbé orúkọ Ìlọrin dé etí àwọn onímọ̀ òkúta lágbàáyé ni tourmaline aláwọ̀ búlúù àti ewé tí kọ́pà wà nínú ẹ̀. Irú ẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní Paraíba ní Brazil ní àwọn ọdún 1980, owó ẹ̀ sì fò lọ sókè kíákíá. Ní 2001 ni ìròyìn jáde pé ó wà ní Nàìjíríà náà, wọ́n sì ń dárúkọ Ìlọrin mọ́ ọn, lẹ́yìn ìyẹn ni ti Mozambique tún yọjú. Ojú lásán ò lè mọ èyí tó ti Brazil wá yàtọ̀ sí tiwa, ilé àyẹ̀wò ló máa wo ohun tó wà nínú ẹ̀, ó sì kan owó gan-an torí àwọn kan ń san jù fún ti Brazil.

Ohun tó ń sọ písì di owó

Àwọ̀, dídán, igun tó pé, àti kí ó má kán. Ìkẹyìn yìí ló le jù ní àdúgbò wa torí ọ̀pọ̀ awakùsà ń wá òkúta tí wọ́n máa gé ni, kìlò àti gíráàmù ni wọ́n fi ń tà á, wọ́n á fi òòlù gbá gbogbo ohun tó yí i ká kúrò, wọ́n á tún ṣẹ́ ibi tí ò mọ́ dànù, nígbà tó bá fi máa dé ọjà Òjòo ní Ìbàdàn, níbi tí ọ̀pọ̀ òkúta apá ibí ti ń dọ́wọ́ àwọn oníbàárà, ó ti di ìṣẹ́kù. Òkúta kan náà tí wọ́n bá fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ gbẹ́ jáde pẹ̀lú ìdí ẹ̀ lè mówó wọlé ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ ẹni tó ń kó o jọ. Kì í ṣe títóbi náà ni gbogbo ẹ̀, àwọn kan wà tó jẹ́ èyí tó lè wọ inú páálí tó jẹ́ íǹṣì kan lọ́tùn-ún lósì nìkan ni wọ́n ń kó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni lábẹ́ẹ̀lì, òun gan-an ni mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Bébà kékeré ni, orúkọ òkúta, abúlé tó ti jáde, ìjọba ìbílẹ̀, ọdún, àti ọwọ́ ẹni tí wọ́n ti rà á. Òkúta tí ò ní i kò wúlò fún onímọ̀, ẹni tó bá sì kọ “Nàìjíríà” lásán ti pa ìdajì ìtàn ẹ̀. Àwọn oníṣòwò máa ń fi ibi tí wọ́n ti rí i pamọ́ kí ẹlòmíì má baà lọ síbẹ̀, èèyàn á lóye, àmọ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílé fún ara wọn ó kéré tán.

Ìdánwò àti ìtọ́jú

Òṣùwọ̀n líle tí Friedrich Mohs ṣe ní 1812 ni gbogbo ayé ń lò, talc, òkúta tó rọ̀ jù, jẹ́ 1, dáyámọ́ńdì tó le jù jẹ́ 10. Quartz jẹ́ 7, ó máa fá gíláàsì, tourmaline náà máa fá a. Ìgò yíyọ́ ni ayédèrú tó wọ́pọ̀ jù, èèyàn sì lè rí ihò afẹ́fẹ́ roboto nínú ẹ̀ tó bá fi awò ìsọdinlá wò ó. Àwọn míì ń fi gọ́ọ̀mù lẹ orí tó kán padà, iná UV, ìyẹn iná tí ojú lásán ò lè rí, sábà máa ń fi hàn. Ìpẹtà tó bá bo òkúta máa ń kúrò tí wọ́n bá rẹ òkúta náà sínú ásíìdì tó ń jẹ́ oxalic acid, àmọ́ májèlé ni ásíìdì yìí, ìta ni kí wọ́n ti ṣe é, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Kí wọ́n má gbé amethyst, ìyẹn quartz aláwọ̀ àlùkò, sínú oòrùn Ìlọrin yìí, àwọ̀ ẹ̀ á ṣá.

Òfin

Lábẹ́ òfin ìwakùsà 2007, ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo àlùmọ́ọ́nì tó wà nílẹ̀, ẹni tó ni oko ò ni ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wa kùsà, tó fẹ́ máa rà á tà, tàbí tó fẹ́ kó o lọ òkè òkun gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ àtijọ́ ní òfin tiẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn ère Èsìẹ́ nítòsí Òrò, tó lé ní 800, tí wọ́n gbẹ́ látara òkúta rírọ̀ tí talc pọ̀ nínú ẹ̀, wà ní mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ère bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òkúta kùsà, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá gbé e wá fún kò gbọ́dọ̀ rà á, bó ti wù kó kéré tó.